Eruku Mẹ́ta Lójú Júpítà

Kókó okùn kan ni kò jẹ́ kí Sájẹ́ǹtì Wina Jaftha gbà pé ńṣe ni ẹsẹ̀ Tannie Ragel Sas yọ̀.

Gbogbo ìlú kékeré Kareehoek, ní gúúsù Áfíríkà, ló ti gbà bẹ́ẹ̀. Obìnrin ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Tannie, ìyẹn Àǹtí, tó fi ọgbọ̀n ọdún gbálẹ̀ ilé ẹ̀kọ́, tó fẹ̀yìn tì tán tó lọ ra awò awọ̀nàjíjìn àlòkù, tó wá ń gun orí táǹkì omi oníkọnkéré ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ nínú òtútù oṣù kẹfà, tí yìnyín máa ń dì lọ́dọ̀ wọn, pé òun fẹ́ ya fọ́tò plánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní ohun tí àwọn ti ń retí ló ṣẹlẹ̀. Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, àbúrò rẹ̀ Lenie gbé búrẹ́dì wá fún un, ó sì bá a nílẹ̀ ní ìdí àkàbà irin. Orí rẹ̀ ti fọ́, yìnyín ti dì mọ́ irun rẹ̀, èémí rẹ̀ kò ju ti ọmọ ẹyẹ lọ. Wọ́n gbé e dé ọsibítù ní ìlú kejì. Ó ti di ọjọ́ kẹrin báyìí, kò tíì lajú.

Kápítéènì Hoorn, ọ̀gá Wina, ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ó já bọ́ ni.

"Pa fáìlì yẹn dé, Jaftha," ni ó wí. "Àgbàlagbà tó bá ń gun òkè bí ewúrẹ́, ilẹ̀ ni yóò gbà á."

Wina kò pa á dé. Ní àárọ̀ Àbámẹ́ta, ó gun àkàbà náà fúnra rẹ̀, Lenie sì ń mí hẹlẹ hẹlẹ bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Awò náà dúró láàárín orí táǹkì, ó ga tó èèyàn. Tapólì búlúù bò ó láti òkè dé ilẹ̀, okùn lọ yí i ká lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n sì ta okùn náà ní kókó tó le koko.

Lenie tẹ̀ síwájú, ó fọwọ́ kan kókó okùn náà.

"Kí ló dé, Tannie Lenie?"

"Ta ló so èyí?"

"Mo rò pé ẹ̀gbọ́n yín ni."

"Ọwọ́ wo ló fẹ́ fi so ó? Làkúrègbé ti ká ìka Ragel kò bí ẹsẹ̀ adìẹ. Èmi ni mò ń bá a de bọ́tìnì ẹ̀wù ṣọ́ọ̀ṣì. Pẹ́ẹ̀gì tí a fi ń sá aṣọ ló fi ń há tapólì rẹ̀. Àwọn ló wà nínú garawa yẹn."

Wina bojú wo inú garawa. Pẹ́ẹ̀gì mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn wọ́n.

Ó jókòó sí etí táǹkì, ó sì ro ó. Olè ì bá gbé awò náà lọ. Ọ̀tá ì bá fọ́ ọ. Ẹni tó wá síbí lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kò ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ó bo awò dáadáa kí ìrì má baà sẹ̀ sí i, ó sọ̀kalẹ̀, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ obìnrin tó ń kú lọ kọjá. Ẹni tó fẹ́ràn awò ni. Ẹ̀rù ba Wina díẹ̀, nítorí àwọn tó fẹ́ràn irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní Kareehoek kò ju ìka ọwọ́ kan lọ, ó sì mọ gbogbo wọn.

Síbẹ̀, ẹni tí ìlú ń nàka sí ló kọ́kọ́ lọ bá.

*

Jakob Fielies, tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní Oom, ìyẹn bàbá, ni aládùúgbò Ragel. Ó ń sin adìẹ, ó sì gbé iná ńlá kan kọ́ sí ẹ̀yìnkùlé nítorí akátá. Iná náà ń ba ojú ọ̀run jẹ́ fún Ragel. Lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, Ragel fi òkúta fọ́ gílóòbù rẹ̀. Jakob sì búra níwájú ṣọ́ọ̀bù pé lọ́jọ́ kan òun á ti obìnrin náà bọ́ láti orí táǹkì rẹ̀.

"Mo sọ ọ́," ni Jakob wí nínú kíṣìnnì rẹ̀. "Èèyàn méjìdínlógún ló gbọ́. Ṣé kí n tún un sọ kí o lè rí i kọ dáadáa?"

"Níbo lẹ wà lálẹ́ Ìṣẹ́gun, Oom Jakob?"

"Orí àga yìí. Mo ti pa iná ẹ̀yìnkùlé."

"Iná tí ẹ̀ ń torí ẹ̀ jà?"

"Láti oṣù tó kọjá ni mo ti ń pa á fún un. Ó gbé búrẹ́dì gbígbóná wá bẹ̀ mí, ó ní kí n wá wojú awò lẹ́ẹ̀kan péré. Mo gùn ún." Ó fọwọ́ pa àgbọ̀n rẹ̀. "Ó fi òrùka Sátọ̀n hàn mí. Ọmọ Jaftha, mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún, kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń bẹ lókè orí adìẹ mi. Láti ọjọ́ náà, tí aago méje bá ti lù, mo ti pa iná. Akátá ti gbé mẹ́ta."

"Ta ló lè jẹ́rìí sí i?"

"Akátá."

Wina fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. "Ẹ gbọ́ nǹkan kan lálẹ́ ọjọ́ náà?"

"Mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. Ìròyìn aago mẹ́sàn-án ṣẹ̀ṣẹ̀ parí lórí rédíò ni. Á tó mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó ń rẹ́rìn-ín lókè níbẹ̀ lóun nìkan, bí ọmọge tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá tọrọ. Inú mi dùn sí i. Mo bá lọ sùn."

"Ẹ ò gbọ́ ohùn ẹlòmíì?"

"Etí mi kan ti dití. Èyí tó ń gbọ́ràn ni mo fi sùn lé." Ó wo ilẹ̀. "Mo ti ń bínú sí ara mi nítorí ìyẹn láti Ọjọ́rú."

Wina gbà á gbọ́. Ẹni tó ń parọ́ ì bá ti dárúkọ ẹlòmíì.

*

Kọ̀ǹpútà Ragel wà lórí tábìlì ní àgọ́ ọlọ́pàá. Lálẹ́ Ìṣẹ́gun, obìnrin náà ti ya àwòrán Júpítà láti aago méje, ọ̀kan ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn jẹ́ aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Kò sí nǹkan kan mọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Jakob sì gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ṣé ó jókòó sórí táǹkì nínú yìnyín, kò ya nǹkan kan, ó kàn ń rẹ́rìn-ín? Àbí ó ya á, tí ẹnì kan kó o lọ?

Wina kò wo Júpítà rí láyé rẹ̀. Ohun tó rí kò ju ìṣù róbótó kan lọ, tí ìlà àwọ̀ ilẹ̀ gba ara rẹ̀ kọjá. Lápá òsì rẹ̀, nínú gbogbo àwòrán náà, àbàwọ́n dúdú kéékèèké mẹ́ta wà, wọ́n tò bí òkúta ààrò. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé: "Àbàwọ́n mẹ́ta. Kí ni?" Lẹ́yìn náà ló wọ bàtà rẹ̀, nítorí ẹnì kan ṣoṣo ló lè dá a lóhùn.

Meneer, ìyẹn Ọ̀gbẹ́ni, Gysbert Malgas ló kọ́ Wina ní sáyẹ́ǹsì. Òun ló kọ́ Kápítéènì Hoorn náà. Òun ló kọ́ Ragel fúnra rẹ̀, lọ́dún tó kọjá, nígbà tí obìnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹgbẹ́ awòràwọ̀ ìlú, tó ní kí wọ́n má bínú, òun kàn fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń wò. Láti ọjọ́ Ẹtì sì ni orúkọ Malgas ti wà nínú ìwé ìròyìn. Lálẹ́ Ìṣẹ́gun náà gan-an, láago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá, òkúta kan láti òfuurufú já lu Júpítà, ìmọ́lẹ̀ funfun sì bù yẹ̀rì lójú rẹ̀. Kámẹ́rà ọkùnrin kan ní Namibia yà á pẹ̀lú, ṣùgbọ́n Malgas ló kọ́kọ́ kéde. Ọdún mọ́kànlélógójì ló ti ń wojú ọ̀run, kò rí irú rẹ̀ rí.

"Wọlé, Wina. Nu ẹsẹ̀ rẹ," ni ó wí, bí ẹni pé ọmọ kíláàsì rẹ̀ ni síbẹ̀. Ó bu tíì rooibos fún un. "Ragel ńkọ́?"

"Wọn ò tíì lajú, Meneer."

Malgas gbé ife rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́. "Kí Ọlọ́run ṣàánú."

Wina tẹ́ àwòrán sílẹ̀. "Mo rò pé òjìji àwọn òṣùpá Júpítà ni mẹ́ta yìí."

"Níbo lo ti kà á?"

"Lórí fóònù."

"Mo mọ̀." Ó fà á súnmọ́ra. Ìdùnnú olùkọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú rẹ̀. "Ohun tí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bá fẹ́ rí ló máa ń rí. Kí ni mo máa ń sọ ní kíláàsì?"

"Ẹ wo ohun tó yí padà, kí ẹ wo ohun tí kò yí padà."

"Ó dáa. Júpítà ń yí bí òòyì. Wákàtí mẹ́wàá, ó ti yí po. Wo èyí tó pupa yìí létí òsì, ìjì ni, ó tóbi ju ayé wa yìí lọ. Láago méje ńkọ́?"

"Kò sí níbẹ̀."

"Láago mẹ́jọ?"

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú."

"Nítorí pé Júpítà ń gbé e bọ̀. Wàyí o, àbàwọ́n rẹ mẹ́ta."

Wina wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti aago méje, ti aago mẹ́jọ, ti ọjọ́ Ajé, ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. "Ojú kan náà ni wọ́n wà."

"Ohun tí kò bá bá Júpítà yí, kò sí lórí Júpítà. Eruku ni, nínú kámẹ́rà. Ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ya lórí pé kí Ragel máa fẹ́ ẹ nù. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun kí òun má ba á jẹ́."

Ojú ti Wina díẹ̀, ó tún yọ̀ díẹ̀, bí ìgbà tó wà lọ́mọ ilé ẹ̀kọ́. Malgas dìde, ó mú àwòrán tirẹ̀ kan wá láti inú dúrọ́ọ̀, èyí tó gba òkìkí, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó sì nà án sí i. Júpítà ni, àmì funfun kan tó tàn bí ojú abẹ́rẹ́ sì wà lára rẹ̀.

Wina nàka sí i. "Meneer, ìjì pupa yẹn wà lápá ọ̀tún níbí. Nínú ti Tannie Ragel, òsì ló wà. Alẹ́ kan náà ni. Ọ̀kan nínú méjèèjì ń parọ́."

Malgas rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín onísùúrù. "Bí o bá wo dígí tí o ń kọ̀wé, ọwọ́ wo lo fi ń kọ ọ́?"

"Òsì."

"Awò tèmi ní dígí kan ní ibi tí kámẹ́rà ń gbà wò. Dígí yẹn ló yí i. Ti Ragel kò ní in. Ẹnikẹ́ni ò parọ́."

Wina tọrọ àforíjì. Ó tún bi í pé níbo ló wà lálẹ́ ọjọ́ náà, nítorí iṣẹ́.

"Nídìí awò mi nínú ọgbà yìí, láti aago mẹ́jọ títí mo fi lọ sùn. Àwòrán ọwọ́ rẹ yẹn ni ẹlẹ́rìí mi."

"Ẹ má bínú, Meneer."

"Bí o kò bá bi mí, ǹ bá ti gba máàkì lọ́wọ́ rẹ."

*

Àwòrán náà dùn mọ́ Wina tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì fèrèsé ọ́fíìsì rẹ̀, ó kọjú rẹ̀ síta kí àwọn tó ń kọjá lè rí iṣẹ́ olùkọ́ wọn. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó jókòó sídìí tábìlì pẹ̀lú ife tíì, oòrùn sì là wọlé láti ojú pópó. Bébà náà fẹ́lẹ́. Ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá, Wina sì ń wo àwòrán náà láti ẹ̀yìn.

Láti ẹ̀yìn, ìjì pupa ti bọ́ sápá òsì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àbàwọ́n mẹ́ta hàn fírífírí, wọ́n tò bí òkúta ààrò.

Ó gbé ife sílẹ̀. Ó mú àwòrán Ragel ti aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Èyí tó wà láàárín tóbi díẹ̀ ju èjì yòókù lọ, ó gùn bí ẹyọ àgbàdo. Bó ṣe rí níhìn-ín ló rí lọ́hùn-ún. Ó fi rúlà wọ̀n ọ́n. Wọ́n dọ́gba.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá olùkọ́ rẹ̀ wá àwáwí. Bóyá eruku irú kan náà bọ́ sínú kámẹ́rà méjèèjì. Eruku mẹ́ta, lójú kan náà, pẹ̀lú ẹyọ àgbàdo láàárín? Bóyá Ragel yá a ní kámẹ́rà. Nígbà náà, kí ni Ragel fi ya tirẹ̀ láago mẹ́jọ? Ó tún ronú dígí tí Malgas sọ. Dígí náà lè yí Júpítà, òótọ́ ni, nítorí iwájú kámẹ́rà ló wà. Ṣùgbọ́n inú kámẹ́rà ni eruku wà, lẹ́yìn dígí. Dígí awò kò lè kàn án. Ohun kan ṣoṣo ló lè yí Júpítà àti eruku pa pọ̀: kí ẹnì kan gbé àwòrán tí wọ́n ti yà tán, kó sì yí òsì rẹ̀ sí ọ̀tún lórí kọ̀ǹpútà, kó lè jọ èyí tí awò tirẹ̀ ń yà.

Ó ṣe Wina bíi kí òun má mọ ohun tí òun mọ̀ yìí rárá.

Kápítéènì Hoorn gbọ́ ọ délẹ̀. "Malgas ló kọ́ mi ní ìṣirò. O fẹ́ lọ mú un nítorí eruku?"

"Mo fẹ́ lọ bi wọ́n ní ìbéèrè kan ni, sà."

"Bí o bá ṣìnà, ìwọ ló máa gbé nínú ìlú yìí, kì í ṣe èmi. Èmi ń fẹ̀yìn tì lọ́dún tó ń bọ̀."

*

Ó bá Malgas nínú ọgbà, ó ń nu awò rẹ̀ nínú oòrùn ọ̀sán. Wina gbé kámẹ́rà Ragel dání nínú ike.

"Meneer, mo fẹ́ kí ẹ kọ́ mi ní nǹkan kan sí i. Bí ẹ bá kọ awò yìí sí ojú ọ̀run báyìí, tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀, kí ni kámẹ́rà máa rí?"

"Funfun lásán. Bí eruku bá wà, á hàn. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń wá a."

"Ẹ jẹ́ ká wo ti kámẹ́rà yín."

Malgas wò ó díẹ̀, ó sì ṣe é. Kọ̀ǹpútà fi ojú funfun hàn, ó mọ́ bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

"Kò sí àbàwọ́n kankan," ni Wina wí.

"Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mò ń nù ún."

"Ti Tannie Ragel ńkọ́?"

Ọwọ́ Malgas kò yára mọ́. Ó yọ kámẹ́rà tirẹ̀, ó fi ti Ragel sí i. Àbàwọ́n mẹ́ta yọ, ọ̀kan láàárín bí ẹyọ àgbàdo. Wina tú àwòrán olókìkí náà, ó dojú rẹ̀ kọ oòrùn, ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ hàn án.

"Ìgbà tí mo rí i, mo kọ́kọ́ rò pé àṣìṣe alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Dígí lè yí Júpítà. Kò lè yí eruku."

Malgas jókòó sórí àpótí. Ìrọ̀lẹ́ kò tíì dé, síbẹ̀ ó dà bí ẹni tí òtútù mú.

"Mo rí eruku yẹn," ni ó wí nígbà tó yá. "Mo lè pa á rẹ́. Bí mo bá pa á rẹ́, àwọn ọ̀mọ̀wé tó máa yẹ̀ ẹ́ wò á ní mo ti fọwọ́ kan àwòrán náà. Mo ní ta ló máa wo eruku."

"Kí ló ṣẹlẹ̀, Meneer?"

"Mo wọlé láago mẹ́sàn-án. Orúnkún ń dùn mí. Ọdún mọ́kànlélógójì, Wina, mo sì wọlé láago mẹ́sàn-án." Ó fọwọ́ pa orúnkún náà bí ẹni pé òun ló jẹ̀bi. "Nígbà tó yá mo ní kí n rìn díẹ̀ kí n tó sùn. Mo gba ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ó pè mí láti òkè, ó ní, 'Meneer, ẹ wá wo nǹkan.' Mo gòkè, ó fi hàn mí lórí kọ̀ǹpútà. Ìṣẹ́jú-àáyá méjì péré ni, ó tàn, ó kú. Mo mọ ohun tó jẹ́ kí n tó mí. Mo sọ fún un pé kòkòrò ló fò kọjá níwájú awò."

"Ṣé wọ́n gbà?"

"Ó ní, 'Meneer, kòkòrò ì bá dúdú.'" Ó rẹ́rìn-ín kan tí kò dé ojú rẹ̀. "Ọdún kan péré ni mo fi kọ́ ọ. Mo ní kó jẹ́ kí n gbé e lọ sílé lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní òun fẹ́ fi orúkọ ara òun ránṣẹ́. Mo di kọ̀ǹpútà mú, òun náà dì í mú. Mo fà á. Ìka rẹ̀ kò lágbára. Ó fi ẹ̀yìn rìn, ó já bọ́ láti etí táǹkì."

Adìẹ kan ń ké nínú ọgbà kejì. Wina wo ojú olùkọ́ rẹ̀.

"Ẹ lọ wò wọ́n nílẹ̀?"

"Mo rò pé ó ti kú."

"Ẹ fọwọ́ kàn wọ́n?"

"Rárá."

"Ẹ dúró lókè níbẹ̀, ẹ kó gbogbo àwòrán wákàtí tó kẹ́yìn sínú fíláàṣì, ẹ pa wọ́n rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ tún fi tapólì bo awò. Ẹ so ó."

"Ìrì ń sẹ̀," ni Malgas wí. "Ó máa ba dígí jẹ́."

Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe ń jáde lẹ́nu ara rẹ̀. Ó bo ojú. Wina ti rò pé òun á bínú nígbà tó bá dé ibẹ̀. Ńṣe ló kàn rẹ̀ ẹ́. Ó mú ẹ̀wù òtútù ọkùnrin náà lórí àga, ó dì í mú fún un kó wọ̀ ọ́, ó de bọ́tìnì rẹ̀ fún un, lẹ́yìn náà ló sọ fún un pé òun ti mú un, ó sì sọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún un bí òfin ṣe wí.

*

Ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e ni ọsibítù pè pé Ragel ti lajú. Wina wakọ̀ lọ pẹ̀lú Lenie.

Wọ́n ti fi báńdéèjì wé orí Ragel. Apá ọ̀tún ara rẹ̀ kò tíì dáhùn, ọ̀rọ̀ sì ń wúwo lẹ́nu rẹ̀. Lenie di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń sunkún láìpariwo. Wina fa àga súnmọ́ ibùsùn.

"Tannie Ragel, ọlọ́pàá ni mí, Wina, ọmọ Jaftha. Ẹ má yára. Ṣé ẹ lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín?"

Ojú Ragel wá a rí. Ó pẹ́ kó tó sọ ọ́.

"Ṣé kòkòrò ni?"

Wina kò kọ́kọ́ mọ ohun tó ń bi. Nígbà tó yé e, ó tẹ̀ síwájú lórí àga.

"Rárá o, Tannie. Òótọ́ ni. Ọkùnrin kan ní Namibia rí i pẹ̀lú, ní ìṣẹ́jú-àáyá kan náà. Òkúta ló já lu Júpítà."

Ragel pa ojú dé. Omi gba igun ojú rẹ̀ kan wá sílẹ̀, ó wọ inú báńdéèjì lọ.

"Meneer ńkọ́?"

"Wọ́n wà ní àtìmọ́lé. Wọ́n ti jẹ́wọ́."

"Òun ló kọ́ mi."

"Òun ló kọ́ èmi náà, Tannie."

Nọ́ọ̀sì wọlé, ó wo omi tó ń kán, ó jáde. Wina ṣí ìwé rẹ̀ lé itan, ó yọ bírò.

"Mo ní láti kọ ọ̀rọ̀ yín sílẹ̀. Bí ẹ ṣe ṣubú, àti ẹni tó wà níbẹ̀."

Ragel mi orí díẹ̀ lórí ìrọ̀rí. "Kọ ti ìmọ́lẹ̀ yẹn ná."

"Ìmọ́lẹ̀?"

"Òun ló kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀."

Wina kọ ọ́: lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, láago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá, èmi Ragel Sas rí ìmọ́lẹ̀ funfun kan lójú Júpítà. Ó kà á sí i létí. Ragel ní kó tún un kà. Ó tún un kà, jẹ́jẹ́, Lenie sì ti dẹ́kun ẹkún, ó ń fetí sílẹ̀.

"Ó dáa," ni Ragel wí. "Ó ku ti ìṣubú."